Bí Bàbá Ọkọ Mi Ṣe Ń Sọdá Títì

Ẹ má bi mí irú ọbẹ̀ tí wọ́n sè níbi ìgbéyàwó mi, mi ò rántí. Ohun tí mo rántí ni òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo wọlé ọkọ ní Yábà, ní January 1972. Mo jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi ní fàráńdà, mo rí bàbá ọkọ mi tí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, tí wọ́n mú ọ̀pá, tí wọ́n sì dá nìkan sọ̀kalẹ̀ lọ. Bàbá yìí ò ríran o. Ojú wọn méjèèjì ti fọ́ láti ọdún méje sẹ́yìn. Kò pẹ́, wọ́n padà dé, búrẹ́dì gbígbóná méjì wà lábẹ́ abíyá wọn, òórùn ẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Mo bi Gbádé ọkọ mi pé níbo ni wọ́n ti ń ta búrẹ́dì yẹn. Ó ní òdìkejì títì ńlá ni. Díẹ̀ ló kù kí abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́.

Ẹni tó bá mọ títì yẹn láyé ìgbà náà á mọ ìdí tí mo fi ta gìrì. Ewúrẹ́ tó lójú méjì kì í sọdá ẹ̀ kó má farapa. Bọ́lẹ́kájà ń sáré, tákísì ń sáré, lọ́rì Bẹ́dífọ̀ọ̀dù tó ń kó pákó bọ̀ láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ń sáré jù wọ́n lọ, eruku igi á máa fò lẹ́yìn ẹ̀. Àárín wọn ni Bàbá ń gbà kọjá láràárọ̀, lọ àti bọ̀, tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun búrẹ́dì nìkan ló máa ń wà lára aṣọ wọn.

Ìyá mi ní Pápá Àjàó mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí ìkòkò bá wà lórí iná, màá ṣí i wò, bí kì í tilẹ̀ ṣe tiwa. Kí n tó lọ sílé ọkọ ló ti kìlọ̀ fún mi pé olófìn-íntótó ni mí, kí n lọ pa ẹnu mi mọ́. Mo sì pa á mọ́, torí pé ìyàwó tuntun wo ló máa kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ ẹ̀ tán, táá wá sọ pé, ẹ̀yin tẹ́ ò ríran, báwo lẹ ṣe ń sọdá títì? Wọ́n á ní ilé tí mo ti wá ni ò kọ́ mi. Oṣù méjì gbáko ni ìbéèrè yẹn fi yún mi lẹ́nu.

Jethro Oyèwọlé ni orúkọ Bàbá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fún ọgbọ̀n ọdún kí àìsàn ojú tó mú wọn. Ìyàwó wọn ti kú kí n tó dé. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé, nínú yàrá méjì àti pálọ̀ tí Gbádé háyà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Búrẹ́dì òwúrọ̀ yẹn nìkan ló kù tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn mú wá sílé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bá wọn du ú. Gbádé gbìyànjú ẹ̀ nígbà kan. Odidi ọjọ́ kan ni Bàbá ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di March, àpótí Rẹdifúṣọ̀n tó wà lára ògiri pálọ̀ ò sinmi mọ́. Láràárọ̀, lálaalẹ́, ohun kan náà ló ń wí: gbogbo mọ́tò Nàìjíríà tó ń gba ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọn yóò máa gbà láti ọjọ́ Àjíǹde. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Àǹtí Ethel wá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Àǹtí Adúmáadán ni mo ń pè é lójú ara ẹ̀. Àmọ́ mo ti di ìyá àgbà báyìí, ẹ ó fojú fò mí dá, Àǹtí Ethel ni màá pè é. Tíṣà ni ní Sùúrùlérè, ó sì máa ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mú ṣọ́ọ̀kì dání. Kì í sábà wá. Tó bá wá, ẹjọ́ ló wá dá. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní títì tó ń pa àwọn tó ríran, ó dájú pé ó máa pa Bàbá tí mọ́tò bá ti yíwọ́ padà. Ó ní kí Bàbá máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sínú agbo ilé, níbi tí kò ti sí mọ́tò. Gbádé ń wo ilẹ̀. Ọkọ mi dáa o, àmọ́ bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá ti wọlé, eegun ẹ̀yìn ẹ̀ á di ẹ̀kọ.

Bàbá gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán. Wọ́n wá béèrè pé kí ni àwọn á máa ṣe l'Ógbómọ̀ṣọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Àǹtí Ethel ní wọ́n á máa sinmi.

“Òkú ló ń sinmi, Ethel,” Bàbá wí. “Fún mi láyè di Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde. N ó sọdá títì níṣojú rẹ láìsí ẹni tó ràn mí lọ́wọ́, bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí. Bí n kò bá lè dá a sọdá, n ó fi ọwọ́ ara mi di ẹrù mi.”

Àǹtí Ethel gbà. Gbogbo wa la mọ̀ pé Bàbá kì í yẹ ọ̀rọ̀ wọn. Inú mi bàjẹ́, kí n má purọ́. Gbádé máa ń kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Bàbá ni mò ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀, àwọn ló ń sọ ìtàn ibi tí rélùwéè gbà kọjá fún mi nígbà tí mo bá ń rán aṣọ. Bí wọ́n bá lọ, èmi àti ògiri ló kù.

Ó wá di dandan kí n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní Monday, mo bọ́ bàtà sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, mo jẹ́ kí wọ́n ṣíwájú díẹ̀, mo tẹ̀lé wọn. Bí wọ́n ti dé iwájú alágbàfọ̀ tó ń fi áyọ̀ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí, wọ́n rọra gba ọwọ́ òsì. Bí wọ́n ti dé ìdí ẹ̀rọ ata, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń ta èèyàn nímú, wọ́n sín lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gba ọwọ́ ọ̀tún. Iyẹ̀pẹ̀ tán, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá wọn kan etí gọ́tà, tó, tó. Wọ́n dúró, wọ́n kọ etí sí títì. Èmi náà fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ata.

Lódìkejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì, ni Sylvester wà, ọmọ Wọ́ọ̀rí kan tó ń lẹ táyà. Ó ń fi òòlù gbá táyà kúrò lára ríìmù, gbà, gbà, gbà. Bó ti rí Bàbá, ó gbé òòlù sílẹ̀, ó dìde. Kò sọ̀rọ̀. Ó rìn dé àárín títì, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Tákísì kan dúró. Lọ́rì kan dúró, dẹ́rẹ́bà ẹ̀ yọrí, kò bú ẹnikẹ́ni, ó jọ pé ó ti mọ̀ ọ́n. Bàbá sọdá, wọ́n gbé orí sókè bí ẹni tó ni títì. Nígbà tí wọ́n wọ ilé búrẹ́dì tán, Sylvester padà sídìí táyà ẹ̀, gbà, gbà, gbà.

Háà. Ẹ̀rín ń pa mí, omi ń bọ́ lójú mi. Àṣé ohun tí mo ti ń rò láti oṣù méjì rèé. Bàbá rò pé etí àwọn ni, wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ Sylvester ni. Ẹ̀rù wá bà mí. Bí Àǹtí Ethel bá rí ọwọ́ yẹn ní Sátidé ọ̀hún, á ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Mo sáré ṣíwájú wọn padà sílé, mo jókòó sídìí máṣíìnì bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀. Bàbá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n gbé búrẹ́dì sílẹ̀, wọ́n ní, “Ìyàwó, páúdà tó o fi sára yẹn dáa o. Ó bá mi dé ìdí ẹ̀rọ ata.”

Mo kúnlẹ̀, ojú gbà mí tì. Àwọn ń rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní kí n dìde, kí n bi àwọn ní ohun tí mo fẹ́ bi àwọn, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń gbọ́ ọ bó ṣe ń hó nínú mi. Mo bá bi wọ́n. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó le tó yẹn, bí ẹní ń ṣí ilẹ̀kùn ni.

Wọ́n ní àwọn kì í ka ìṣísẹ̀, imú àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń mú àwọn dé etí gọ́tà. Ti títì yàtọ̀, ti etí ni. Mọ́tò tó bá sún mọ́ni jù, ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń bọ̀, nítorí náà etí ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣófo. Téèyàn bá dé àárín, etí òsì ló kù. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohùn tiẹ̀. Mọ́rísì ń wúkọ́. Èyí tí à ń pè ní Ìjàpá, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà, ó fẹ́ẹ̀ kọjá èèyàn tán kí ariwo ẹ̀ tó dé, ìkà ni. Bẹ́dífọ̀ọ̀dù ní tiẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ fún kó tó sọ fún etí. Mo ń gbọ́, mo ń ṣe háà lábẹ́lẹ̀, mo tún ń béèrè òmíràn. Wọn ò dárúkọ Sylvester. Èmi náà ò dárúkọ ẹ̀.

Wọ́n ní ohun tó kù báyìí ni pé kí àwọn pa etí dà, kí ti òsì di ti àkọ́kọ́. Wọ́n bi mí bóyá màá bá àwọn kọ́ ọ. Kí ni mo tún ń wá?

Ọjọ́ Àjíǹde dé. Bí ìsìn ti parí, gbogbo Yábà tú síta láti wo mọ́tò, tàwọn ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Mi ò tíì rí i kí títì yẹn dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn mọ́tò ń rá pálá bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Ọlọ́pàá wà ní gbogbo oríta. Dẹ́rẹ́bà kan gbàgbé, ó yà sí ọwọ́ òsì, àwọn èèyàn hó lé e lórí títí ó fi yà padà, wọ́n wá pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ họ́lídè, èmi àti Bàbá ti wà létí gọ́tà láti aago méje. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ọ̀sà, ó gbé òórùn ẹja tí wọ́n ń yan ní Makoko wá. Bàbá ní kí n ṣàkíyèsí ẹ̀, pé ọjọ́ tí òórùn yẹn bá ti lágbára, ìró tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ibẹ̀ á yá ju tòdìkejì lọ. Mo ń sọ ohun tí mo rí, àwọn ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Nígbà tó máa tó wákàtí kan, wọ́n ti ń ṣáájú mi. Wọ́n á ní, “Tákísì, òsì,” èmi á yíjú, màá rí i tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókèèrè.

Èmi olójú méjì wá gbé ìgbéraga dé. Mo ní kí n sáré lọ wò bóyá ilé búrẹ́dì ṣí. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún bí a ṣe kọ́ wa láti kékeré, kò sí nǹkan kan, mo gbé ẹsẹ̀ sí títì. Ọwọ́ kan di ìró mi mú lẹ́yìn, ó fà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìjàpá kan kọjá láti òsì, atẹ́gùn ẹ̀ gbá mi lójú, bẹntiróò kún imú mi. Bàbá ṣì di ìró náà mú. “Òsì, ìyàwó,” ni wọ́n sọ. “Òsì ni báyìí.”

Àtọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé Bàbá lè sọdá lóòótọ́, láìsí ẹni tó nawọ́. Kò wá ku ẹlòmíràn tí mo gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ ju Sylvester lọ. Ní Friday mo lọ bá a nídìí táyà. Ó ní lọ́dún tí ojú Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ni òun rí wọn tí wọ́n dúró létí títì fún ìdajì wákàtí, tí ẹnikẹ́ni ò wò wọ́n. Àtìgbà náà ni òun ti ń dìde. Ó ní Bàbá ò mọ̀. Nígbà tí mo sọ pé kó má dìde ní ọ̀la, ojú ẹ̀ korò.

“Ìyàwó wa, tí mọ́tò bá wá kọ lu Bàbá ńkọ́? Na my eye go see am o.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé bó bá dìde, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Ó ní òun á jókòó.

Ní Sátidé, aago méje ò tíì lù tí Àǹtí Ethel ti dé, tòun ti báàgì ẹ̀. Òun, èmi àti Gbádé tẹ̀lé Bàbá lẹ́yìn. Alágbàfọ̀, òsì. Ẹ̀rọ ata, ọ̀tún. Ọ̀pá kan etí gọ́tà. Lódìkejì, òòlù dákẹ́. Sylvester ò dìde. Ó jókòó lórí táyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di eékún ara ẹ̀ mú.

Bàbá kọ etí òsì sí títì. Mọ́tò kọjá, mọ́tò kọjá. Títì ṣófo, mo rí i fúnra mi, ọ̀tún ṣófo, òsì ṣófo. Mo ń sọ nínú mi pé ẹ lọ, Bàbá, ẹ lọ. Wọn ò lọ. Mọ́tò tún dé. Títì tún ṣófo. Wọn ò lọ. Nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Gbádé fi ọwọ́ bo ojú. Àǹtí Ethel ti ya ẹnu láti sọ̀rọ̀ nígbà tí Bàbá yíjú padà sí wa.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣófo, mo gbọ́ ọ. N bá ti sọdá,” wọ́n wí. “Àmọ́ mo sọ fún ọ, Ethel, pé mo máa ń dá a sọdá. Irọ́ ni mo pa. Láti ọdún méje, bí ọ̀pá mi bá ti kan etí gọ́tà, òòlù ọmọ yẹn á dákẹ́. Bí òòlù bá dákẹ́, mọ́tò á dúró. Etí mi ò di. Lónìí, òòlù dákẹ́, mọ́tò ò dúró. Ẹnì kan ti lọ bá a sọ̀rọ̀.”

Mi ò mọ ibi tí mo máa fi ojú sí. Àǹtí Ethel bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

“Ó ń ṣe é láìsọ fún mi, èmi náà ń gbà á láìsọ fún un. Bí mo bá dúpẹ́, ó di ẹrù sí i lọ́rùn. Lọ́jọ́ tí kò bá lè dìde, ojú á máa tì í.” Wọ́n fọwọ́ tọ́ ara ọ̀pá wọn. “Agbo ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ tóbi. Kò sí mọ́tò níbẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ẹni tó lè gbé òòlù sílẹ̀ nítorí mi níbẹ̀ ló ti kú tán. Ṣùgbọ́n mo ti bá ọ ṣàdéhùn. N ó lọ di ẹrù mi.”

Wọ́n sì ń lọ lóòótọ́. Wọ́n ti kọjá ẹ̀rọ ata, wọ́n ti yà sí ọwọ́ ilé. Gbádé ń tẹ̀lé wọn, ó ń pe Bàbá, Bàbá, wọn ò dúró. Àǹtí Ethel nìkan ni ò kúrò lójú kan. Ó ń wo Sylvester lódìkejì, Sylvester náà ń wò ó. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn tíṣà ti kúrò lẹ́nu ẹ̀.

“Bàbá, ọjọ́ Sunday ńkọ́? Ṣé ọmọ yẹn ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday?”

Bàbá dúró. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sunday, àwọn máa ń jókòó sí pálọ̀ títí a ó fi rántí mú àwọn sọdá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti Gbádé wo ara wa. Ọjọ́ tí a bá sùn gbàgbé ìsìn àárọ̀, a ò mọ̀ pé ẹnì kan ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tán, tó jókòó sí pálọ̀ tó ń dúró dè wá.

“Ẹ má di ẹrù kankan,” Àǹtí Ethel wí. “Sunday, tèmi ni.”

Ó na ọwọ́ sí Sylvester pé kó dìde. Sylvester dìde kíá, ó fẹ́ẹ̀ ṣubú lé táyà ẹ̀ lórí. Bàbá rìn padà wá, wọ́n sọdá, wọn ò yára, wọn ò sì dúró. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì, mo sì fi ojú ara mi rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é lọ.

Àǹtí Ethel tí kì í wá rárá, kò pa Sunday kan jẹ fún ọdún mẹ́rin. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, aago mẹ́jọ á lù, wàá gbọ́ bàtà ẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọdún 1976 ni Bàbá kú, lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ní Yábà. Ní Sunday tó tẹ̀lé ìsìnkú wọn, mo wà ní ìdáná nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀. Àǹtí Ethel ló dé, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í pé, ta lẹ wá mú? Ó ní òun ò mọ̀, pé ẹsẹ̀ òun ló gbé òun wá. Mo pa sítóòfù, mo wé gèlè. Nígbà tí a dé etí gọ́tà, ó di ọwọ́ mi mú, a jọ sọdá.